Ìkíni Ọlọ́sẹ̀ Méjì Lórí Òkun

Nígbà tí rédíò kọ́kọ́ dé ilẹ̀ wa, àwọn ènìyàn sọ ọ́ ní orúkọ kan tí ó bá a mu gidigidi: asọ̀rọ̀mágbèsì. Àpótí náà a máa sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, ẹni tí ó ń gbọ́ ọ kò sì lè dá a lóhùn. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, àwọn kan wà káàkiri ayé tí ó jẹ́ pé èsì gan-an ni wọ́n ń wá lẹ́nu rédíò. Wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹnikẹ́ni kì í sì í san owó fún wọn. Ìjọba a fún wọn ní ìwé àṣẹ àti orúkọ-àpè, wọn a sì máa fi ẹ̀rọ tí púpọ̀ nínú wọn fi ọwọ́ ara wọn tò pọ̀ bá ẹlẹgbẹ́ wọn sọ̀rọ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè. Olùfẹ́ rédíò ni a ó máa pè wọ́n níhìn-ín. Ní oṣù kejì ọdún 2001, méjì nínú wọn, ọ̀kan ní England, èkejì ní Canada, bá ara wọn sọ̀rọ̀ kọjá òkun Atlantic lórí ìgbì gígùn. Ọ̀rọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìkíni lọ, ó sì gbà wọ́n tó ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹni tí ó ní fóònù lápò lè béèrè pé kí ni a rí yìn nínú èyí. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ padà sẹ́yìn díẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ tí a ti lé àwọn baba wọn kúrò ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí padà sí.

Orí ìgbì ni ọ̀rọ̀ rédíò ń gùn rìn. Ìgbì kan gùn, òmíràn kúrú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn amòye gbà pé ìgbì gígùn nìkan ni ó lè la òkun já, nítorí náà ìjọba, àwọn ológun ojú omi àti àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá fẹ́ ẹ fún ara wọn. Nígbà tí Amẹ́ríkà ṣe òfin rédíò ní ọdún 1912, wọ́n ní kí àwọn olùfẹ́ rédíò kó lọ sí orí ìgbì tí kò gùn ju 200 mítà lọ. Bí ìgbà tí a gba ilẹ̀ ọlọ́ràá lọ́wọ́ àgbẹ̀ ni, tí a sì nawọ́ sí orí àpáta pé kí ó máa ro ibẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ yìí ro àpáta náà, ó sì kórè. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1923, Léon Deloy ní ìlú Nice ní ilẹ̀ Faransé àti Fred Schnell ní Connecticut ní Amẹ́ríkà bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí ìgbì tí kò gùn ju bí 110 mítà lọ. Kò pẹ́ tí àwọn tí ó lé wọn fi ń sáré tẹ̀ lé wọn lọ sí orí àpáta. Àwọn òpó gíga ìgbì gígùn bẹ̀rẹ̀ sí í wó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú àwọn ibùdó àtijọ́ náà ṣì dúró ní Grimeton ní ilẹ̀ Sweden, òpó irin rẹ̀ jẹ́ mẹ́fà, gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 127 mítà.

Ó di ọdún 1998 kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó fún àwọn olùfẹ́ rédíò láyè ní kilohertz 136, níbi tí ìgbì kan gùn tó bí 2,200 mítà. Àpérò àgbáyé ní Geneva fi ọwọ́ sí i ní ọdún 2007. Amẹ́ríkà kọ̀ ní ọdún 2003, nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná ń fi irú ìgbì bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ síra wọn lórí wáyà iná. Ọdún 2017 ni wọ́n tó gbà.

Àyè ti dé, ṣùgbọ́n ìṣòro kò lọ. Wáyà tí yóò gbé irú ìgbì yìí sókè dáradára yẹ kí ó ga tó 550 mítà. Èyí tí ènìyàn lè nà sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kò ju gíga ọ̀pẹ kan lọ. Nítorí náà wọn a máa lọ́ wáyà gígùn yí ike ńlá po láti fi dí àlàfo náà. Ìyàwó ilé tí ó bá ń wá korobá rẹ̀ mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ wò. Bí wọ́n tilẹ̀ ti ọgọ́rọ̀ọ̀rún wáàtì sínú wáyà náà, gbogbo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ooru sínú ilẹ̀ àti sínú wáyà lílọ́ yẹn. Èyí tí ó bọ́ sí ojú ọ̀run kì í sábà pé wáàtì kan, agbára tí kò ju ti gílóòbù tọ́ọ̀ṣì kékeré lọ. Àrá tún wà níbẹ̀. Mọ̀nàmọ́ná ayé, èyí tí ó pọ̀ jù ní ilẹ̀ olóoru bí tiwa, a máa da ariwo rẹ̀ sí orí ìgbì gígùn títí dé ilẹ̀ òyìnbó. Òru ìgbà òtútù tiwọn ni ariwo náà a máa dín kù, ìgbà náà sì ni ọ̀rọ̀ tiwọn a máa rìn jìnnà jù.

Báwo ni wáàtì kan yóò ṣe la irú ariwo bẹ́ẹ̀ kọjá òkun? Kì í pariwo. Ó ń fà á ni. Àmì Morse ni wọ́n ń lò, èyí tí a fi ìró kúkúrú àti ìró gígùn ṣe lẹ́tà. Lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tẹ̀, ọ̀rọ̀ kékeré kan kì í ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ. Lórí ìgbì gígùn, wọn a máa fa ìró kúkúrú kan ṣoṣo fún 30, 60, àní 90 ìṣẹ́jú àáyá. Bí ìró kúkúrú bá gba ìṣẹ́jú kan gbáko, ọ̀rọ̀ kékeré yẹn yóò gba nǹkan bí 50 ìṣẹ́jú. Ìwàásù lè ti parí kí ó tó parí. Èrè rẹ̀ nìyí: bí ìró bá ti pẹ́ lórí ohùn kan tó, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe lè fi asẹ́ tí ojú rẹ̀ kéré tó sẹ́ ẹ. Obìnrin tí ó ń sẹ́ èlùbọ́ mọ ohun tí a ń wí. Asẹ́ tí ojú rẹ̀ kéré gidigidi kì í jẹ́ kí ariwo kọjá ju díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìró tí ó dúró lójú kan a kọjá.

Etí kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Kọ̀ǹpútà ni ó ń sẹ́ ẹ, tí ó sì ń ya ohun tí ó kù bí àwòrán: ilẹ̀ dúdú tí ariwo wọ́n bí èérún, àti ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ń gùn lọ díẹ̀díẹ̀ láàárín rẹ̀. Ìlà kúkúrú, ìlà gígùn. Lẹ́yìn wákàtí kan, lẹ́tà díẹ̀. Ẹ̀yin yóò wá rí ìdí tí ọ̀sẹ̀ méjì fi lọ. Orúkọ-àpè gbọ́dọ̀ dé, ìròyìn bí a ti gbọ́ ọ sí gbọ́dọ̀ dé, ìdáhùn pé a ti gbà á gbọ́dọ̀ dé pẹ̀lú, ní ìhà méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni òru mìíràn wà tí kò sí ohun kan lójú àwòrán bí kò ṣe èérún.

Lójú tiwa, níhìn-ín ni iṣẹ́ náà ti le jù. Ẹni tí ó ń retí àlejò a máa gbọ́ ìró ẹsẹ̀ níbi tí kò sí ẹsẹ̀. Ẹni tí ó ti mọ orúkọ tí ó ń wá lè rí i nínú èérún, kì í sì í ṣe pé ó fẹ́ purọ́. Nígbà tí Marconi kéde pé òun gbọ́ ìró mẹ́ta láti Poldhu ní England, ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1901, lórí òkè Signal Hill ní Newfoundland, etí òun àti ti olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ni ẹ̀rí tí ó wà, àwọn amòye sì ń jiyàn lé e lórí títí di òní. Àwòrán ti àwọn olùfẹ́ rédíò yìí ṣeé tọ́jú. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ ní òru náà lè wò ó kí ó sì wí pé, lẹ́tà yìí dá mi lójú, èyí kò dá mi lójú.

Láti ọdún 2008 ni ọ̀nà mìíràn ti wà, tí Joe Taylor, amòye ojú ọ̀run tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1993, ṣe. Nínú èyí kọ̀ǹpútà ni ó ń ka ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, yálà kí ó kà á tàbí kí ó dákẹ́. Ó yá, ó sì rọrùn. Àmọ́ ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ nì ni àwa fẹ́ràn.

Ọ̀tá tí ó kù nísinsìnyí kò jìnnà bí àrá. Ẹ̀rọ tí a fi ń gba iná sí fóònù, gílóòbù ìgbàlódé, ẹ̀rọ iná oòrùn lórí òrùlé aládùúgbò, gbogbo wọn ni ó ń da ariwo tiwọn sórí ìgbì gígùn. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń gbé ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ wọn kúrò nílùú lọ sí ìgbẹ́, tí wọ́n sì ń jókòó sílé wo àwòrán rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn.