Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó ra kámẹ́rà tó ń rí ooru ara fún dírónù

Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024, omi ya wọ ọ̀pọ̀ àdúgbò nílùú Maiduguri, ìpínlẹ̀ Borno, lẹ́yìn tí dáàmù Alau ya. Ní ìparí oṣù Karùn-ún, ọdún 2025, omíyalé tún pa ọ̀pọ̀ èèyàn nílùú Mokwa, ìpínlẹ̀ Niger.

Nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, ohun tí àwọn tó ń dóòlà ẹ̀mí kọ́kọ́ ń fẹ́ mọ̀ ni ibi tí àwọn tó ṣì wà láàyè wà. Dírónù tó gbé kámẹ́rà tó ń rí ooru lè bá wọn wá èèyàn, kódà nínú òkùnkùn biribiri.

Àmọ́ owó kékeré kọ́ ni wọ́n ń ra kámẹ́rà yìí. Bí èyí tí wọ́n rà kò bá sì bá iṣẹ́ mu, dírónù náà lè fò kọjá lórí ẹni tó ń retí ìrànlọ́wọ́, kí ó má sì rí i.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?

Gbogbo nǹkan tó bá ní ooru lára ló ń tú ìtànṣán kan jáde tí wọ́n ń pè ní infrared. Ojú èèyàn kò lè rí i. Kámẹ́rà yìí ló ń gbà á, tó sì ń fi àwọ̀ ya ohun tó gbóná sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó tutù. Ìdí nìyí tí kò fi nílò ìmọ́lẹ̀ kankan.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé ó lè rí ẹ̀yìn ògiri. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà lábẹ́ òrùlé páànù, lábẹ́ igi tí ewé rẹ̀ dí, tàbí tó ti rì sábẹ́ omi kò ní hàn nínú rẹ̀. Ẹni tó wà lórí òrùlé, tó di ẹ̀ka igi mú, tàbí tí orí rẹ̀ yọ sókè omi ló lè hàn.

Ooru ọ̀sán lè tan kámẹ́rà jẹ

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ara èèyàn àti ohun tó yí i ká ni kámẹ́rà yìí ń wá. Ooru inú ara èèyàn jẹ́ nǹkan bíi 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ti awọ ara sì dín díẹ̀ sí i.

Ní Maiduguri, Sokoto tàbí Niamey, ooru afẹ́fẹ́ nìkan lè kọjá 40 nínú oṣù Kẹrin. Iyanrìn àti páànù tó gba oòrùn á tún gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èèyàn lè pòórá sáàárín wọn. Láti ọ̀gànjọ́ òru títí di ìdájí ni kámẹ́rà yìí wúlò jù.

Nítorí náà, ẹ wo bó ṣe lè mọ ìyàtọ̀ ooru sí. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ mK sí iwájú rẹ̀ ló ń sọ èyí, bó bá sì ṣe kéré tó ló ṣe dára tó. 30 mK sàn ju 50 mK lọ.

Píksẹ́lì mélòó ló tó?

Píksẹ́lì ni àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán. Nínú àwọn dírónù ilé iṣẹ́ DJI, kámẹ́rà ooru ti Mavic 2 Enterprise Dual, tó jáde lọ́dún 2018, jẹ́ 160 x 120. Ti Mavic 3T, tó jáde lọ́dún 2022, jẹ́ 640 x 512.

Ká ní dírónù ga tó mítà 60, tó sì ń wo ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà 50. Pẹ̀lú 640, àgbàlagbà tó dùbúlẹ̀ á gùn tó nǹkan bíi píksẹ́lì 20. Pẹ̀lú 160, kò ní ju nǹkan bíi márùn-ún lọ. Ọmọdé á tún kéré sí i, ó sì lè jọ òkúta tí oòrùn ti pa.

Wọ́n lè mú dírónù náà wálẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ibi tó máa wò á dínkù, bátìrì ọ̀pọ̀ dírónù kékeré kì í sì í lò tó wákàtí kan.

Kí ẹ tún ṣọ́ra fún ìpolówó ọjà. Àwọn kan máa ń kéde píksẹ́lì kámẹ́rà lásán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ooru, tàbí ti àwòrán tí ẹ̀rọ fẹ̀ lójú. Ẹ béèrè iye tí kámẹ́rà ooru fúnra rẹ̀ ní.

Ohun mìíràn tó yẹ kí ẹ wò

• Iye àwòrán láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan: Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe lórí kíkó ọjà jáde ló fà á tí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà fi dúró sí 9. Bí dírónù bá ń sáré, 30 ló máa ń jẹ́ kí àwòrán já gaara.

• Kámẹ́rà lásán: Ó yẹ kó wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ewúrẹ́ àti èèyàn lè jọra nínú àwòrán ooru.

• Wíwọn ooru: Àwọn tó ń yẹ sólà tàbí wáyà iná wò ló nílò kámẹ́rà tó ń sọ iye ooru gan-an. Ẹni tó ń wá èèyàn lè fi owó yẹn ra bátìrì sí i.

Kí ni òfin sọ?

Ní Nàìjíríà, ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ àjọ NCAA tó ń mójútó ọkọ̀ òfurufú àti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò, ONSA, ṣe pàtàkì. Nínú oṣù Kínní, ọdún 2025, iléeṣẹ́ ológun fòfin de lílo dírónù láìgba àṣẹ ní ẹkùn àríwá ìlà oòrùn, níbi tí Maiduguri wà. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó sanwó.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fò ó lóru. Kí ẹnìkan dùbúlẹ̀ sínú pápá, kí dírónù sì ga dé ibi tí ẹ fẹ́ máa lò ó. Bí ẹ kò bá rí ẹni náà, ẹ má rà á.