Róbọ́ọ̀tì lè bá ọmọ rẹ ṣọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà?

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àwọn òbí kan ní Amẹ́ríkà gba ìròyìn tí wọn kò mọ bí wọn yóò ṣe sọ ọ́ fún ọmọ wọn: róbọ́ọ̀tì tí wọ́n rà fún un kò ní pẹ́ dákẹ́. Kò bàjẹ́. Bátìrì rẹ̀ kò kú, ọmọ kò sì jù ú mọ́lẹ̀. Owó ló tán lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ṣe é.

Moxie ni wọ́n ń pe róbọ́ọ̀tì náà. Iléeṣẹ́ Embodied, tó wà ní Pasadena ní ìpínlẹ̀ California, ló ṣe é fún àwọn ọmọ ọdún 5 sí 10. Aláwọ̀ búlúù ni, ojú rẹ̀ fẹ̀, ó sì ń ṣẹ́jú. Ó ń bá ọmọ kàwé, ó ń bá a tàkúrọ̀sọ, ó sì ń kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń mú sùúrù nígbà tí inú bá ń bí i. Nígbà tó jáde ní 2020, owó rẹ̀ tó bíi 1,500 dọ́là. Àwọn òbí tí ọmọ wọn kì í tètè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe wà lára àwọn tó rà á.

Nígbà tí owó tí iléeṣẹ́ náà gbójú lé lọ́wọ́ àwọn olùdókòwò kò wọlé mọ́, ó kọ̀wé sí àwọn oníbàárà rẹ̀ pé òun fẹ́ kógbá sílé. Ó tún fi lẹ́tà kan kún un tí òbí lè kà sétí ọmọ, kí ó lè yé e ìdí tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò fi ní dá a lóhùn mọ́.

Ọdún mẹ́ta ṣáájú ìgbà náà ni fíìmù kátúùnù kan ti fi ọwọ́ tọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dunni.

Kí ni fíìmù náà sọ?

Ron's Gone Wrong ni àkọlé rẹ̀. Oṣù Kẹwàá ọdún 2021 ló dé ilé sinimá. Locksmith Animation, iléeṣẹ́ kan ní London, ló ṣe é, òun sì ni fíìmù àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe. Sarah Smith àti Jean-Philippe Vine ló darí rẹ̀. Zach Galifianakis ló fohùn fún róbọ́ọ̀tì, Olivia Colman sì fohùn fún ìyá àgbà.

Ní ilé ẹ̀kọ́ tí Barney Pudowski ń lọ, gbogbo ọmọ ló ní B*Bot, róbọ́ọ̀tì tí iléeṣẹ́ Bubble ń tà. Kí B*Bot tó jáde nínú páálí, ó ti mọ ọmọ tó ni ín látòkè délẹ̀: orin tó ń gbọ́, eré tó fẹ́ràn, fọ́tò tó ti yà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wá àwọn ọmọ tí ìfẹ́ wọn bá tirẹ̀ mu. Barney nìkan ni kò ní, kò sì lọ́rẹ̀ẹ́. Owó kò sí nílé. Nígbà tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ dé, bàbá rẹ̀ àti Donka, ìyá àgbà, lọ ra èyí tó já bọ́ láti inú ọkọ̀ ẹrù, tó ti forí gbá, tó sì yẹ kí wọ́n kó dànù.

Ibẹ̀ ni fíìmù náà ti dùn. Ron, róbọ́ọ̀tì Barney, kò lè bá kọ̀ǹpútà Bubble sọ̀rọ̀. Ìmọ̀ tó wà lórí rẹ̀ kò kọjá ọ̀rọ̀ tí A bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ló fi ń pe Barney ní Absalom. Kò mọ ohunkóhun nípa ọmọ náà, àfi kó bi í, kó máa tẹ̀ lé e kiri, kó ṣì í ṣe, kó tún bi í. Nígbà tó gbọ́ pé ọ̀rẹ́ ni Barney ń wá, ó bọ́ sí ìgboro, ó ń fa àwọn tí kò mọ̀ rí wá bá a.

Àwọn B*Bot yòókù kì í bi ọmọ ní nǹkan kan, torí iléeṣẹ́ ti mọ ìdáhùn kí ọmọ tó ya ẹnu. Andrew, ọ̀gá tí owó jẹ lógún ní Bubble, fẹ́ kí wọ́n fọ́ Ron túútúú kó má bàa ba iléeṣẹ́ lórúkọ jẹ́. Bó ti ń dọdẹ rẹ̀, àwọn B*Bot tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ yòókù ló fi ṣe amí.

Ṣé òótọ́ ni pé èèyàn lè fẹ́ràn ẹ̀rọ?

Òótọ́ ni, ẹ̀rọ náà kò sì ní láti gbọ́n púpọ̀. Ní 1966, Joseph Weizenbaum ní MIT ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tó pè ní ELIZA. Kò mọ̀ ju kó sọ ọ̀rọ̀ èèyàn di ìbéèrè lọ: bí o bá ní inú rẹ kò dùn, á bi ọ́ pé kí ló dé tí inú rẹ kò fi dùn. Síbẹ̀ àwọn àgbàlagbà tó mọ̀ pé ẹ̀rọ ni ń tú ọ̀rọ̀ ikùn wọn fún un, tí ẹnu fi ya ẹni tó ṣe é.

Bí ọ̀rọ̀ orí kọ̀ǹpútà lásán bá lè mú àgbà, ti ọmọdé tí ẹ̀rọ ń wò lójú ńkọ́? Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn tó ń ṣe róbọ́ọ̀tì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀: ojú ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún un kí wọ́n tó fún un lọ́wọ́.

Ní 2012, Peter Kahn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University of Washington tẹ èsì ìwádìí kan jáde. Wọ́n mú ọmọ 90, àwọn ọmọ ọdún 9, 12 àti 15. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá róbọ́ọ̀tì kan tó ń jẹ́ Robovie sọ̀rọ̀, ó sì bá a ṣeré fún bíi ìṣẹ́jú 15. Bí eré ṣe ń wọra, òṣìṣẹ́ kan dá wọn dúró, ó ní kí Robovie lọ wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Robovie fárígá. Ó ní wọ́n ń rẹ́ òun jẹ, ó ní ẹ̀rù òkùnkùn ń ba òun. Wọ́n tì í mọ́bẹ̀ náà.

Nígbà tí wọ́n bi àwọn ọmọ náà léèrè, ó lé ní ìdajì wọn tó ní ohun tí wọ́n ṣe fún Robovie kò dáa. Ọ̀pọ̀ gbà pé ó ní ìmọ̀lára. Àwọn ọmọ ọdún 15 kò káàánú rẹ̀ tó àwọn kékeré. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn ni pé èèyàn kan jókòó sí yàrá mìíràn tó ń darí Robovie. Ẹ̀rù òkùnkùn tó ń ba róbọ́ọ̀tì, ẹlòmíràn ló fi sí i lẹ́nu.

Níbo ni ọpọlọ róbọ́ọ̀tì wà?

Ìbéèrè tó yẹ ká máa bi nìyí, ju pé bóyá róbọ́ọ̀tì lè fẹ́ràn ọmọ lọ.

Nígbà tí Moxie ṣì ń ṣiṣẹ́, bí ọmọ bá sọ fún un pé wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé, makirofóònù róbọ́ọ̀tì á gba ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n èsì kì í ti inú orí róbọ́ọ̀tì wá. Ohùn ọmọ á gba orí íntánẹ́ẹ̀tì ilé lọ sínú àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tí iléeṣẹ́ ń sanwó lé lórí. Níbẹ̀, ètò kan á sọ ohùn di ọ̀rọ̀ kíkọ. Òmíràn, irú èyí tó wà nídìí ChatGPT, á to èsì jọ. Èsì á padà wálé, róbọ́ọ̀tì á sọ ọ́ jáde, á sì mi orí bí ẹni pé òun ló rò ó. Ohun tó wà nílé ni ojú, ẹnu àti ọrùn. Ibòmíràn ni ọpọlọ wà, ibẹ̀ sì ń gba owó lójoojúmọ́.

Àwọn fíìmù tó ṣáájú kò mọ ìṣòro yìí. Nínú The Iron Giant, tí Brad Bird darí ní 1999, òkè ni òmìrán onírin ti já bọ́ sí Maine ní ọdún 1957. Kò ní olówó. Ológun àti bọ́ǹbù ló ń ba ọmọ inú fíìmù náà lẹ́rù. Nígbà tí òmìrán náà fọ́ yángá, ẹ̀yà ara rẹ̀ fúnra wọn ló ń wá ara wọn kiri, torí inú ara rẹ̀ ni ohun tó ń mú un wà láàyè wà.

Nínú Big Hero 6, tó gba àmì ẹ̀yẹ Oscar ní 2015, inú káàdì kan ni Tadashi, tó ṣe róbọ́ọ̀tì Baymax, kó gbogbo ohun tó sọ Baymax di Baymax sí. Baymax lọ, ṣùgbọ́n Hiro, àbúrò Tadashi, rí káàdì náà nínú ìkúùkù tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kan ara tuntun fún un. Don Hall, ọ̀kan lára àwọn tó darí fíìmù náà, ti lọ wo apá róbọ́ọ̀tì tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ní Carnegie Mellon University, ibẹ̀ ni ara rọ̀bọ̀tọ̀ Baymax ti wá. Ara yẹn ti wà láyé. Káàdì tí ọmọ lè dì mọ́wọ́ ni àwọn tó ń ta róbọ́ọ̀tì fún ọmọdé lónìí kì í fi sí i.

Etí ta ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ?

Bí ọpọlọ bá wà níta, ọ̀rọ̀ ọmọ gbọ́dọ̀ jáde nílé kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2017, ìjọba Jámánì fòfin de ọmọláńgidi kan tó ń jẹ́ My Friend Cayla. Cayla máa ń gba Bluetooth bá fóònù sọ̀rọ̀, kò sì ní ìlẹ̀kùn kankan: ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí lè fi fóònù tirẹ̀ wọlé, kó gbọ́ ohun tí ọmọ ń sọ, kó sì gba ẹnu ọmọláńgidi bá a sọ̀rọ̀. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń mú ẹ̀rọ amí ni àjọ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Jámánì fi mú un. Wọ́n ní kí òbí tó bá ní in nílé bà á jẹ́.

Ní Britain, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń tọ́mọ, ìlànà kan wà fún dátà àwọn ọmọdé tó di dandan pátápátá láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, oṣù kan ṣáájú kí Ron tó dé ilé sinimá. Ó kan ohun ìṣeré tó ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì náà. Kí ọmọ tó fọwọ́ kan ohunkóhun lórí rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti wà ní ipò tó dáàbò bo àṣírí rẹ̀ jù.

Bí iléeṣẹ́ bá kógbá sílé ńkọ́?

Òfin dátà kò sọ pé kí iléeṣẹ́ má kú. Jibo, róbọ́ọ̀tì tí Cynthia Breazeal ti MIT dá sílẹ̀, ń tà ní 899 dọ́là ní 2017. Nígbà tó di 2019, Jibo fúnra rẹ̀ ló sọ fún àwọn olówó rẹ̀ pé wọ́n máa tó pa kọ̀ǹpútà tó ń gbé òun ró. Ó dúpẹ́, ó jó, ó dágbére. Ní Japan, lẹ́yìn tí Sony ṣíwọ́ àtúnṣe Aibo, ajá róbọ́ọ̀tì rẹ̀, ní 2014, àwọn tó ni ín gbé èyí tó kú lọ sí tẹ́ńpìlì Kofukuji ní ìlú Isumi. Àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà gbàdúrà òkú fún wọn, kí àwọn oníṣẹ́ tó tú ẹ̀yà ara wọn fi wo àwọn tó kù sàn.

Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ọ̀rẹ́ ìgbà èwe ń kó lọ sí ìlú mìíràn, wọ́n ń jà, wọ́n ń dàgbà kúrò lára ara wọn. Kò burú. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ fúnra wọn ló máa ń tú ká. Ti Moxie yàtọ̀: ìpàdé tí ọmọ kò sí níbẹ̀ ló pinnu ọjọ́ tí eré yóò parí. Ẹni tó lẹrú ló lẹrù.

Kí Embodied tó palẹ̀ mọ́, ó kéde ètò kan tó pè ní OpenMoxie, tí ẹni tó bá mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà lè fi sórí ẹ̀rọ ilé rẹ̀ kí Moxie lè máa sọ̀rọ̀ lọ. Ìyẹn ló sún mọ́ káàdì Baymax jù, ṣùgbọ́n ìparí ọ̀rọ̀ ló dé, kò sí nínú àdéhùn tí òbí rà.

Kí ni òbí lè bèèrè kó tó sanwó?

Ní ìparí Ron's Gone Wrong, wọ́n kó ohun tó wà lórí Ron sínú gbogbo B*Bot. Barney pàdánù ọ̀rẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ yòókù sì ní èyí tó ń ṣe bíi tirẹ̀. Wọ́n lé Andrew, Marc tó dá B*Bot sílẹ̀ sì padà sórí àga. Inú àwọn ọmọ dùn, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ kò kúrò ní Bubble. Ọ̀gá rere ló kàn gbà á lọ́wọ́ ọ̀gá burúkú. Ohun tí fíìmù náà fojú fò dá nìyẹn, torí kò sí Andrew kankan nínú ìtàn Moxie. Àwọn tó ṣe é kò kórìíra ọmọ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ róbọ́ọ̀tì dákẹ́.

Nítorí náà, kí òbí má wulẹ̀ bèèrè bóyá oníṣòwò náà jẹ́ ẹni rere. Kó bèèrè ohun mẹ́ta. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ, kí ni róbọ́ọ̀tì yìí ṣì lè ṣe? Ohùn ọmọ mi, ibo ló ń lọ, ìgbà wo ni wọ́n sì ń pa á rẹ́? Bí ẹ bá kógbá sílé lọ́la, ṣé ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ óò fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́? Bí ìkẹta yẹn kò bá ní ìdáhùn, wọn kò ta ọ̀rẹ́ kankan fún ọmọ rẹ. Owó ìyálò lo san.