Ẹni tí ó Ka Iye Àwọn Arúgbó Òtòṣì

Nígbà kan rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí arúgbó kan bá di aláìní, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa wí pé ọtí tàbí ìmẹ́lẹ́ ni ó fà á. Ọ̀gbẹ́ni Charles Booth, oníṣòwò ọkọ̀ ojú omi, kò fi ẹnu lásán jiyàn. Ó wádìí ọ̀ràn àwọn òtòṣì tí a ń bọ́ ní Stepney, ní ìlú London, ó sì rí i pé fún nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn, ogbó ni olórí ohun tí ó sọ wọ́n di aláìní. Ó bi àwọn àlùfáà abúlé pẹ̀lú bí àwọn àgbà ìjọ wọn ti ń rí jẹ. Àwa tí ń tọ́jú ìwé ìjọ mọ̀ pé iṣẹ́ kékeré kọ́ èyí.

Ní 1891 ó dábàá pé kí ìjọba máa fún olúkúlùkù ẹni ọdún 65 ní ṣílè 5 lọ́sẹ̀. Ọdún 17 kọjá kí òfin tó jáde ní 1908, àwọn aláìní ẹni ọdún 70 nìkan ni ó sì kàn. Ó dùn wá: mélòó nínú àwọn tí ó kà ni ó kù láyé?

Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1909 àwọn arúgbó lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ láti gba ṣílè 5 wọn. Owó náà kò sì gba ẹ̀tọ́ ìdìbò lọ́wọ́ ọkùnrin kankan, gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ ilé àwọn òtòṣì ti ń ṣe.