Ẹ̀kọ́ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì fún Àwọn Olùkọ́ Ọ̀la

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ẹ má ṣe kánjú bínú bí ẹ bá rí i tí ọmọ náà tẹjú mọ́ fóònù fún wákàtí kan gbáko. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe.

Kíkọ́ olùkọ́ láti òkèèrè kì í ṣe ohun titun ní ilẹ̀ wa. Láti ọdún 1976 ni National Teachers' Institute ti Kàdúná ti wà lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú ìwé títẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2002, ọ̀gbẹ́ni Martin Dougiamas, ará Ọsirélíà, gbé Moodle jáde lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga sì ń fi í pín ẹ̀kọ́ sí wẹ́wẹ́. Nínú ìpín kọ̀ọ̀kan ni ìwé kíkà wà, àti fídíò, àti ìbéèrè. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti dáhùn tán, ẹ̀rọ náà lè sọ fún un lójú ẹsẹ̀ bí ó gbà á tàbí ó ṣì í. Ẹni tí ó bá ṣì í yóò tún un ṣe, kò sí ẹni tí yóò fi í rẹ́rìn-ín. Èyí rọrùn fún onítìjú, àti fún ìyálọ́mọ tí ó jẹ́ pé òru nìkan ni àyè ń gbà á.

UNESCO ti to ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó yẹ olùkọ́ lẹ́sẹẹsẹ. Ìwé wọn ti ọdún 2018 ka 18, ní ìpele mẹ́ta. Mímọ fóònù tẹ̀ kò ju ẹnu ọ̀nà lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kì í kúrò lórí Facebook lè má mọ bí a ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò máàkì ogójì ọmọ, tàbí bí a ti ń wádìí ìròyìn èké kí a tó kà á sétí kíláàsì.

Ó dùn wá pé àwọn olùkọ́ kan a kàn ya àwòrán ìwé àtijọ́ wọn, wọn a gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn a sì pè é ní ẹ̀kọ́ titun. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá! Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹ̀kọ́ kan lórí ẹ̀rọ, kí ó fi kọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí olùkọ́ rẹ̀ sì tọ́ ọ sọ́nà níbi tí ó kù sí.

Ní ti owó dátà, ohun ìnira ni. Ètò Moodle ti orí fóònù ń jẹ́ kí a kó púpọ̀ nínú ẹ̀kọ́ pamọ́ níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà, kí a sì kà á nílé láìná kọ́bọ̀. Kí àwọn òbí ka ìyókù mọ́ owó ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù.