Àpápá Ńkọ́?
Ẹ ń béèrè ohun tí àwa tí à ń kọ́ industrial engineering ní Sharjah ń ṣe. Ètò iṣẹ́ ni: kí ẹrù, ọkọ̀ àti òṣìṣẹ́ má fi àkókò ṣòfò. Yunifásítì Sharjah àti American University of Sharjah, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1997, ní ẹ̀ka rẹ̀.

Èbúté Jebel Ali ní Dubai kò jìnnà. Òun ni ọ̀pọ̀ wa fẹ́ fi ṣe ìwádìí. Àpápá ńkọ́? Tírélà ń tò níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí wọ́n tó gbé ìlànà tí wọ́n pè ní “Ètò” kalẹ̀ ní 2021. Ibo ló kù sí? Ìwádìí tiwa nìyẹn. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.