Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí gbájúẹ̀ ń gbà wọ inú kọ̀ǹpútà: Ẹ̀kọ́ fún àwọn oníbàárà kafé ní Boundary

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà mu gẹ́gẹ́. Ní Boundary, níbi tí Ajégúnlẹ̀ ti pààlà pẹ̀lú Àpápá nílùú Èkó, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀ nílé. Kafé ni wọ́n ti ń yẹ èsì ìdánwò WAEC wò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ ìwé, ibẹ̀ náà sì ni àwọn mìíràn ti ń ṣí àkáǹtì báńkì wọn. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti kó àṣírí rẹ̀ lé ẹ̀rọ tí kò mọ ẹni tó lò ó ṣáájú rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo olè ló ń gba iwájú ilé wọlé. Bráúsà ni wọ́n ń pe ohun èlò tí a fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì. Láyé ijọ́un, bráúsà kò lè gbé fíìmù tàbí eré jáde fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn iléeṣẹ́ mìíràn fi ṣe àfikún tí wọ́n ń pè ní plug-in, èyí tí wọ́n ń so mọ́ bráúsà. Flash Player ti iléeṣẹ́ Adobe àti Java, tó di ti iléeṣẹ́ Oracle lọ́dún 2010, wà lára àwọn tó gbajúmọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ náà dà bí ìgbà tí onílé gba ayálégbé láàyè láti la ilẹ̀kùn mìíràn sẹ́yìn ilé. Bí onílé tilẹ̀ ti iwájú pa, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀yìn kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ihò sì pọ̀ lára àwọn àfikún yìí. Lọ́dún 2011, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Flashback ń díbọ́n bíi Flash Player, tó jẹ́ pé ẹni tó rò pé Flash lòun ń gbé sórí ẹ̀rọ òun, kòkòrò ló ń gbé sí i. Nígbà tó di ọdún 2012, ó gba ihò kan lára Java wọ inú kọ̀ǹpútà Mac tó lé ní 600,000 káàkiri àgbáyé. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013, ìjọba Amẹ́ríkà gba aráàlú nímọ̀ràn pé kí wọ́n pa Java inú bráúsà wọn.

Èyí ló mú kí àwọn onímọ̀ wá ọ̀nà mìíràn. Ọdún 2014 ni wọ́n parí ìlànà HTML5, tó jẹ́ kí bráúsà lè gbé fíìmù àti orin jáde fúnra rẹ̀ láìsí àfikún kankan. YouTube bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó dípò Flash lọ́dún 2015. Adobe pàápàá kéde lọ́dún 2017 pé àwọn yóò pa Flash tì. Ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún 2020 ni wọ́n ṣíwọ́ àtúnṣe rẹ̀, wọ́n sì dí i pa láti ọjọ́ 12, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2021.

Àmọ́ o, ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ kafé ń lò. Lọ́dún 2005, àjọ Basel Action Network ti Amẹ́ríkà sọ nínú ìwádìí rẹ̀ pé nǹkan bíi 500 kọ̀ǹténà tó kún fún àlòkù ẹ̀rọ báyìí ló ń wọ Èkó lóṣooṣù. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè ṣì gbé Flash àtijọ́ sínú. Àwọn mìíràn nínú wọn sì lè ṣì máa lo Windows 7, èyí tí Microsoft ti ṣíwọ́ àtúnṣe rẹ̀ láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020. Bí ihò tuntun bá yọ lára rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò dí i.

Àwọn àfikún kéékèèké tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ bráúsà lónìí náà kò gbẹ́yìn. Lọ́dún 2022, àjọ NCC tó ń rí sí ètò ìbánisọ̀rọ̀ nílẹ̀ wa kìlọ̀ nípa márùn-ún tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ Chrome, tí Netflix Party wà lára wọn. Àpapọ̀ iye ìgbà tí àwọn ènìyàn ti gbé wọn sórí ẹ̀rọ tó mílíọ̀nù kan ó lé 400,000. Ṣe ni wọ́n ń ṣọ́ gbogbo ibi tí ẹni náà ń lọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Kí wá ni ṣíṣe? Bí ojú ìwé kankan bá ní kí ẹ gbé Flash sórí ẹ̀rọ lónìí, ẹ sá fún un, irọ́ ni. Kí àwọn onífoonù máa lo foonù tiwọn fún ọ̀rọ̀ báńkì. Foonù kékeré tí kò ní íńtánẹ́ẹ̀tì náà lè lo kóòdù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì ìràwọ̀. Bí kafé bá di dandan, ẹ má jẹ́ kí bráúsà fi paswọ́ọ̀dù yín pamọ́, kí ẹ sì jáde kúrò nínú àkáǹtì yín kí ẹ tó dìde. Ẹ̀yin òbí tó wà lábúlé, ẹ má ka nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì ATM yín fún ọmọ tó fẹ́ lọ bá yín lò ó ní kafé.

Ní ti àwọn oníkafé, kí wọ́n yọ Flash àti àfikún tí wọn kò mọ̀ kúrò. Ẹ̀rọ tó ti gbó jù fún Windows tuntun ṣì lè lo Linux, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí owó bá ti poórá, kí olówó tètè ké sí báńkì rẹ̀, kó sì fi tó ọlọ́pàá létí. Ṣùgbọ́n ó sàn kí a ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kí olè tó dé, nítorí àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.