Àwọn Ọ̀rọ̀ tí Í Ṣi Àlejò Lọ́nà ní New York

Àwọn àgbà a máa wí pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí ó bá jẹ́ ìlú New York ni à ń sọ, a lè fi kún un pé àlejò létí pẹ̀lú, kò sì fi gbọ́ràn. Kì í ṣe pé ẹni tí ó gbéra láti Èkó tàbí Ìbàdàn kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Inú èdè náà ni púpọ̀ nínú wọn ti kàwé láti kékeré, ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro sì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ èdè kan rárá yóò béèrè. Ẹni tí ó gbà pé òun gbọ́ ọ kò ní béèrè ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ tí ó ti ń lò ní ilé láti ìgbà èwe ti gba ìtumọ̀ mìíràn ní ọ̀hún, àṣìgbọ́ náà sì lè ná an ní owó, ó lè ba àlàáfíà rẹ̀ jẹ́, ó sì lè mú kí wọ́n dá a padà láti ẹnu ibodè.

Ọ̀kan pàtàkì nínú irú àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni "físà". Ní ilé, bí ẹnìkan bá ti rí físà gbà, àwọn ará àdúgbò a máa kí i kú oríire bí ẹni pé ó ti dé Amẹ́ríkà. Ní ojú òfin Amẹ́ríkà, físà kò ju àyè láti dé ẹnu ọ̀nà kí a sì kan ilẹ̀kùn lọ. Aṣọ́bodè tí ó jókòó ní pápákọ̀ òfurufú JFK ni ó ní àṣẹ láti ṣí i tàbí kí ó má ṣí i, òun náà ni yóò sì sọ ọjọ́ tí àlejò gbọ́dọ̀ kúrò. Àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà ni à ń pè ní I-94. Láti ọdún 2013, àwọn tí wọ́n bá bá ọkọ̀ òfurufú wọlé kì í sábà gbà á ní bébà mọ́. Inú kọ̀ǹpútà ni ó máa ń wà, arìnrìn-àjò sì lè wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ojú ewé iléeṣẹ́ aṣọ́bodè Amẹ́ríkà.

Ó yẹ kí a fara balẹ̀ níhìn-ín. Ọjọ́ tí a tẹ̀ sára físà ni ọjọ́ ìkẹyìn tí a lè fi kan ilẹ̀kùn. Ọjọ́ tí ó wà nínú I-94 ni ọjọ́ ìkẹyìn tí a lè fi wà nínú ilé. Méjèèjì kì í sábà bá ara wọn mu. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan tí ó lọ wẹ ọmọ fún ọmọbìnrin rẹ̀ ní Brooklyn ṣe àpẹẹrẹ. Ó wo físà rẹ̀, ó rí i pé ó ṣì ku ọdún kan gbáko, ó sì fi ọkàn balẹ̀ títí ọmọ náà fi ń rìn. Bẹ́ẹ̀, oṣù mẹ́fà ni aṣọ́bodè fún un, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti sábà máa ń fún àwọn olùbẹ̀wò. Láti ọjọ́ tí oṣù mẹ́fà náà ti kọjá láìjẹ́ pé ó tọrọ àfikún, òfin ti sọ físà náà di òkú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ ara rẹ̀ kò tíì pé. Bí ó bá fẹ́ padà wá kí ọmọ-ọmọ rẹ̀, àfi kí ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè rẹ̀, pẹ̀lú àbàwọ́n nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Obìnrin náà kò purọ́, kò jalè. Ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó kà sí ọ̀kan.

Ìlànà fífúnni ní físà fúnra rẹ̀ kò dúró sójú kan. Ní oṣù keje ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà sọ físà ìbẹ̀wò tí wọ́n ń fún ọmọ Nàìjíríà di ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láàárín oṣù mẹ́ta. Ní oṣù kejìlá ọdún kan náà, ààrẹ wọn kéde pé láti ọjọ́ kìíní ọdún 2026, òun dá fífún àwọn ọmọ Nàìjíríà àti ọmọ orílẹ̀-èdè Benin ní físà ìbẹ̀wò dúró, yàtọ̀ sí àwọn tí ìkéde náà yọ sílẹ̀. Físà tí ó ti wà lọ́wọ́ ènìyàn ṣáájú ọjọ́ náà kò torí rẹ̀ kú. Nítorí náà, iléeṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí a bi léèrè ohun tí ó wà lóde, kí a tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó ní òun mọ ọ̀nà. Ní ti ọmọ Yorùbá tí ó ti di ọmọ ilẹ̀ Bírítéènì, kì í sábà nílò físà fún ìbẹ̀wò. Ìwé àṣẹ tí à ń pè ní ESTA ni yóò gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni òpin rẹ̀, kò sì sí àyè láti tọrọ àfikún.

Ọ̀rọ̀ ẹbí náà a máa dá wàhálà sílẹ̀ lẹ́nu ibodè. Aṣọ́bodè a béèrè ọ̀dọ̀ ẹni tí àlejò yóò dé sí. Àlejò a dáhùn pé, "My brother." Aṣọ́bodè a wo ìwé, yóò sì rí i pé orúkọ ìdílé àwọn méjèèjì kò jọra. Nínú èdè Yorùbá, kò sí irọ́ nínú èsì yìí. Ọmọ àbúrò bàbá ẹni, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá ẹni, àní ọmọ tí a jọ dàgbà nínú agboolé kan, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ni gbogbo wọn. Ní etí aṣọ́bodè, "brother" ni ọkùnrin tí àlejò jọ ní bàbá tàbí ìyá kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Bí fọ́ọ̀mù tí àlejò kọ nígbà tí ó ń wá físà bá sọ nǹkan mìíràn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di méjì nìyẹn, wọ́n sì lè mú un lọ sí yàrá ọ̀tọ̀ láti tún un bi léèrè fún wákàtí púpọ̀. "Daddy" tí à ń pe ọ̀gá, pásítọ̀ àti ẹ̀gbọ́n bàbá wà nínú ewu kan náà. Ti obìnrin tí ó lọ kí aya àbúrò rẹ̀ ló tún le jù. "Ìyàwó mi" ni ó ń pè é nílé. Bí ó bá túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, aṣọ́bodè yóò kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó yẹ kí arìnrìn-àjò ti fi "cousin", "uncle" àti "my brother's wife" kọ́ra láti ilé.

Ojú pẹ̀lú a máa sọ̀rọ̀. Ọmọ tí a kọ́ ní ilé Yorùbá kì í tẹjú mọ́ àgbà tàbí aláṣẹ. Ó ń wolẹ̀ láti bọ̀wọ̀ ni. Aṣọ́bodè lè ka ìwolẹ̀ yìí sí pé ó ní ohun tí ó ń fi pamọ́. Kí a wo ojú rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́tù, kí a dáhùn ohun tí ó béèrè nìkan, kí ó sì jẹ́ òtítọ́. Ìtàn gígùn tí a fi ń ṣíwájú ọ̀rọ̀ ní àárín wa, bí ó ti dùn tó, kò ní àyè níbẹ̀.

Bí ó bá béèrè bóyá oúnjẹ wà nínú ẹrù, ọ̀pọ̀ a dáhùn pé rárá. Lọ́kàn wọn, oúnjẹ ni ohun tí a ti sè. Lọ́kàn aṣọ́bodè, gàárì, ẹ̀gúsí, ata gbígbẹ, èso, pọ̀nmọ́ àti ẹja gbígbẹ ni oúnjẹ. Ẹran ìgbẹ́ kò gbọdọ̀ wọlé rárá, ẹran yòókù láti ilẹ̀ wa náà kì í sábà kọjá. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá wà níbẹ̀: ẹni tí ó bá jẹ́wọ́, bí wọn kò bá fẹ́ ohun tí ó gbé wá, wọn yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì parí, ẹni tí ó bá sẹ́, yóò pàdánù rẹ̀, ó sì lè san owó ìtanràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti owó. Kò sí òfin tí ó ní kí ènìyàn má kó ju 10,000 dọ́là wọlé. Òfin ní kí ó sọ ọ́ ni.

Ní ìta pápákọ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ń dúró de àlejò. Ẹni tí ó bá tọ̀ ọ́ wá nínú ilé pápákọ̀ tí ó ń pariwo "táásì" kì í ṣe awakọ̀ táásì. Àwọn ojúlówó a máa tò sí ìta, wọn kì í sì í polówó ara wọn. Láti òpin ọdún 2022 ni owó táásì láti JFK dé Manhattan ti di 70 dọ́là gbáko, láìka owó afárá, àwọn àfikún mélòó kan àti owó ọpẹ́ awakọ̀. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ wọ́n díẹ̀: 3 dọ́là ni láti oṣù kìíní ọdún 2026, yálà ibùdó kan ni a lọ tàbí ogójì. Káàdì MetroCard tí àwọn àlejò àtijọ́ mọ̀ kò sí ní títà mọ́ láti òpin ọdún 2025. Káàdì báńkì tí a lè fi kan ẹ̀rọ, tàbí káàdì tí wọ́n ń pè ní OMNY, ni ó ń ṣí ẹnu ọ̀nà.

Ọkọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1904, tọ̀sán-tòru ni ó sì ń rìn. Ọ̀rọ̀ méjì ni kí àlejò ṣọ́ra fún níbẹ̀. "Uptown" ni ìhà àríwá, "downtown" ni ìhà gúúsù. Ní ibùdó mìíràn, ẹnu ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó bá sì ti fi káàdì kan ẹ̀rọ ní ẹnu ọ̀nà tí kò tọ́ lè ní láti tún san owó. Èkejì ni "express". Ní ilé, ọkọ̀ "express" ni gbogbo ènìyàn ń wá. Ní New York, ọkọ̀ tí ń fo ibùdó ni. Ọkọ̀ A ní ojú ọjọ́ a máa gbéra ní òpópó kọkàndínlọ́gọ́ta, kò sì ní dúró títí yóò fi dé òpópó karùn-ún-lé-lọ́gọ́fà ní Harlem. Àlejò tí ó ń lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà nítòsí òpópó kọkànlélọ́gọ́rin yóò kàn rí i tí ògiri ń sáré kọjá ni.

Nínú ilé ìtajà, iye tí a kọ sára ọjà kì í ṣe iye tí a ó san. Owó orí ọjà jẹ́ 8.875 nínú ọgọ́rùn-ún, ìgbà tí a bá ń sanwó ni wọ́n sì ń fi í kún un. Aṣọ àti bàtà tí iye ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tó 110 dọ́là bọ́ lọ́wọ́ owó orí yìí. Ilé oúnjẹ ni ìnira pọ̀ sí, nítorí "tip". Ní ilé, ẹ̀bùn tí inú ẹni bá dùn ni. Ní New York, apá kan owó iṣẹ́ ẹni tí ó gbé oúnjẹ wá ni, nítorí òfin gba onílé oúnjẹ láyè láti kà á mọ́ owó tí ó yẹ kí ó san fún un. Ẹni tí ó bá jẹ oúnjẹ 50 dọ́là yóò san owó orí 4.44, yóò sì fi nǹkan bí 10 dọ́là kún un fún agbáwo. Ẹni tí ó ka 50 dọ́là péré sápò kò tíì jẹun.

Àwọn kékeré tún wà. "First floor" níbẹ̀ ni ìsàlẹ̀ ilé gan-an, kì í ṣe òkè kìíní. Oṣù ni wọ́n ń kọ ṣáájú ọjọ́: 4/7 ni ọjọ́ keje oṣù kẹrin, ọ̀pọ̀ sì ti tipa bẹ́ẹ̀ pàdánù ọkọ̀. Iná wọn jẹ́ 120 fóòtì, nǹkan bí ìdajì tiwa.

Èyí tí ó léwu jù lọ ni ti ilé ìwòsàn. Àwọn àlejò a máa gbọ́ pé òfin kò gba ilé ìwòsàn láyè láti lé ẹni tí àìsàn pàjáwìrì dé bá. Òtítọ́ ni, òfin ọdún 1986 pàṣẹ pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì dá ẹ̀mí rẹ̀ dúró, yálà ó lówó tàbí kò lówó. Ṣùgbọ́n "wọn kò ní lé ọ" kì í ṣe "ọ̀fẹ́ ni". Ìwé gbèsè yóò dé lẹ́yìn náà, ọkọ̀ tí ó gbé aláìsàn lọ pàápàá yóò fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Nítorí náà, kí arìnrìn-àjò ra ìwé adójútòfò kí ó tó kúrò nílé, kí ó sì kà á láti mọ̀ bóyá ó gba àìsàn tí ó ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ. Kí oògùn rẹ̀ wà nínú páálí rẹ̀, nínú àpò tí ó gbé lọ́wọ́. Síbẹ̀, bí àyà bá ń dun ènìyàn gidigidi, kí ó má ṣe jókòó máa ṣírò owó: 911 ni kí ó pè. Nọ́ńbà 311 wà fún ìbéèrè tí kì í ṣe pàjáwìrì, ògbufọ̀ sì wà níbẹ̀.

"Ó bófin mu" náà ní ojú méjì. Láti ọdún 2021 ni òfin ìpínlẹ̀ New York ti gba àgbàlagbà láyè láti mu igbó, wọ́n sì ń tà á nínú ṣọ́ọ̀bù ní gbangba. Òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà á, ìjọba àpapọ̀ ni ó sì ni físà.

Bí ìwé ìrìnnà ọmọ Nàìjíríà bá sọnù, kí ó kọ́kọ́ gba ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, lẹ́yìn náà kí ó lọ sí Ilé Nàìjíríà, níbi tí kóńsúlétì wà, ní 828 Second Avenue. "Avenue" ni ọ̀nà tí ó lọ láti gúúsù sí àríwá, "street" ni èyí tí ó dábùú rẹ̀. Igun òpópó kẹrìnlélógójì, ní ìhà ìlà-oòrùn, ni ilé náà wà. Kí ó mú ẹ̀dà ìwé ìrìnnà náà dání, èyí tí ó ti fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí ó ṣe é fọkàn tán ní ilé kí ó tó gbéra.